Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Kú Lọ́jọ́ Ìsinmi

Mo rántí ìgbà tí mo fi ẹnu ara mi lé obìnrin kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà ni ìyàwó bàbá mi, ìyàwó kejì. Kọ̀ǹpútà náà, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tò ó láti orí síkúrù àkọ́kọ́ dé orí èyí tó kẹ́yìn, mo sì ń fi í yangàn káàkiri àdúgbò wa ní Ìkọ̀lé bí ẹni pé èmi ni mo dá iná mànàmáná sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti dá mi lẹ́bi, mo jẹ̀bi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí mo ṣe fi ìwé àti bírò hu ìwà òmùgọ̀ yẹn, tí mo ń pè é ní ọgbọ́n.

Èmi àti obìnrin náà kò fẹ́ràn ara wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí bàbá mi gbé e wọlé láti Ìpáò, kò sì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ìyá mi fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọyẹ́, ó ní òun kò lè bá ẹnikẹ́ni pín ilé ìdáná. Mo dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn pé ẹnì kan ló lé ìyá mi, mo sì mọ ẹni náà. Bí mo bá kí i, á dáhùn. Bí n kò bá kí i, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, òun náà sì pa àṣà yẹn mọ́ délẹ̀délẹ̀. Nítorí pé mo máa ń fi èédú kọ nǹkan káàkiri ara ògiri ilé ìdáná ní kékeré, Akọ̀wé ló sọ mí. Inú rẹ̀ ìbáà dùn, inú ìbáà máa bí i, Akọ̀wé ló ń pè mí. Títí tí mo fi di ọkùnrin onírùngbọ̀n, mi ò gbọ́ orúkọ mi gan-an lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tí bàbá mi kú, ilé ku òun nìkan, nítorí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mi ò ríṣẹ́, mo sì padà sílé bàbá mi pẹ̀lú báàgì kan àti ìbínú rẹpẹtẹ. Yàrá tó fara ti ilé ìdáná ni mo fẹ́, torí pé ibẹ̀ nìkan ni wáyà iná rẹ̀ ṣeé gbára lé. Iṣu ni obìnrin náà kó síbẹ̀. Mo ní kó kó o kúrò. Ó ní kí n fún òun lọ́jọ́ méjì, kí òun wá ibòmíràn tó gbẹ. Mi ò fún un. Mo kó iṣu oníṣu jáde sí àgbàlá, òjò ń rọ̀, mo sì gbálẹ̀ yàrá. Kò bá mi jà. Ó kó iṣu rẹ̀ wọ abẹ́ òrùlé, ó fi àkísà nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gúnyán, ó gbé e wá, ó kan ilẹ̀kùn mi.

“Akọ̀wé, uyán ti délẹ̀ o.”

Mo jẹ ẹ́, mi ò dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́ ló ń gúnyán, mo sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú tó le, tí mo ń rò pé torí ojú ayé ló ṣe ń fún mi.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo kọ́. Ọ̀gá kan ní Adó sọ pé òun á gbà mí síṣẹ́ bí mo bá lè ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan fún òun láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí n sì gbé e wá láàárín oṣù méjì. Ó yẹ kí n ní kọ̀ǹpútà tó lágbára, mi ò sì ní. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọyẹ́, ló bá mi wá bọ́ọ̀dù tí gbogbo nǹkan máa ń jókòó lé, òun náà ló bá mi wá mẹ́mọ́rì. Àpótí irin rẹ̀, ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí wọ́n jù síta ni mo ti rí i. Ọ̀rẹ́ mi ní kí òun bá mi tò ó, mo ní rárá. Ó wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní káàtíkísìmù. Kí n fọwọ́ kan irin kí n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Kí n má fún síkúrù jù. Kí n ka àwọn ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké tí bọ́ọ̀dù máa ń dúró lé nínú àpótí, kí n sì rí i pé wọ́n bá ihò ara rẹ̀ mu. Kí n má gbé e síbi tí oòrùn wà. Mo ní ṣé mo jọ ẹni tí kò lọ sílé ìwé ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi mí sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo tan án tó sì jí, mo pariwo bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo gbé àpótí náà sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, mo gbé ojú rẹ̀ sórí tábìlì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ya pálọ̀ tán, mo ń fi fèrèsé sí i, ni ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn. Kò kú pátápátá o. Ó kú, ó jí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń sùn nínú ìwàásù tí wọ́n ṣàdédé fi ìgbọ̀nwọ́ gún. Fèrèsé mi ti lọ. Mo ní kò burú, mo tún un yà. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú lọ́sàn-án, ó kú nírọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn á kú lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, á sì wá dákẹ́ síbẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kú síbi tí mo ti ń fi iṣẹ́ pamọ́ gan-an. Fáìlì náà bàjẹ́, odindi òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì bá a lọ. Mo figbe ta. Láti ilé ìdáná, mo gbọ́ ohùn ìyàwó bàbá mi.

“Akọ̀wé, kí ló dé? Ṣé kò sí?”

Mo ní kó gbájú mọ́ ìkòkò rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà á ti máa sọ pé iná ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo yá sítábíláísà, kò gbọ́. Mo pa iná ìjọba tì, mo lo jẹnẹrétọ̀, ó kú lórí jẹnẹrétọ̀. Mo ní ooru ni, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀, mo fẹ́ eruku kúrò lára fáànù, mo tún fi fáànù orí tábìlì fẹ́ ẹ bí ọba. Ó kú. Mo yọ mẹ́mọ́rì, mo fi aṣọ nù ún, mo dá a padà. Ó kú. Mo pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, bí ẹni pé ó ń bá mi ṣeré. Ìgbà tó sú mi, mo fi aṣọ ìbora dì í, mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di Ọyẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tan án sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pààrọ̀ pawa, ohun tó ń fa iná sínú kọ̀ǹpútà, fún mi bó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní tó bá tún ṣe é, iná ilé wa ni kí n lọ yẹ̀ wò. Mo gbé e délé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kú.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí padà. Mo ra ìwé aláwọ̀ ewé kan, mo fa ìlà sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ àti aago tí kọ̀ǹpútà bá kú. Mo kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí mo wá jókòó tì í, mo rí ohun kan. Kì í kú láàárọ̀. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán ló máa ń kú, àti láàárín aago márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í kú rárá. Ọjọ́ Ìsinmi méjì, mo ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ń lọ geere. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi? Ìyàwó bàbá mi á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló wà. Ta ni kò sí nítòsí nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní Ọyẹ́? Òun náà ni. Èyí tó wá dá mi lójú jù ni pé, bí kọ̀ǹpútà bá ti kú tán, kì í pẹ́ tí ilẹ̀kùn mi á fi dún, kò! kò! “Akọ̀wé, uyán ti délẹ̀ o.” Mo ní háà, ó máa ń wá wo ohun tó ṣe ni, oúnjẹ ló fi ń bojú.

Mo pe ìyá mi ní Ọyẹ́ lórí fóònù, mo kà á fún un láti ojú ìwé kan dé èkejì. Ìyá mi kò jẹ́ kí n parí. Ó ní, “Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tó fi lé mi ló tún fẹ́ fi lé ùwọ náà. Má jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́.” Mo jẹ oúnjẹ náà síbẹ̀, torí pé ebi ń pa mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìkórìíra tó wà nínú mi ti rí ẹsẹ̀ fi rìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n gbé àwòrán dé Adó, ìdajì ilé ni mo sì ní.

Mo gbé ìwé aláwọ̀ ewé náà lọ bá Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun ni olórí ẹbí wa. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ó fẹ́ràn ohun tí wọ́n bá fa ìlà sí. Ó ránṣẹ́ pe àgbà méjì mìíràn nínú ẹbí, ó ránṣẹ́ pe ìyàwó bàbá mi, gbogbo wa jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo dìde, mo ka ọjọ́, mo ka aago, mo ka ti ọjọ́ Ìsinmi, mo ka ti Ọyẹ́. Mo sọ̀rọ̀ bí lọ́yà. Mo wá fi òwe dé e lórí, mo ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yẹn dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi ọṣẹ fọ ẹnu.

Ìyàwó bàbá mi ò sunkún. Ó wo Bàbá àgbà, ó ní, “Bàbá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan án. Ṣé mo wá mọ bí wọ́n ṣe ń pa á?” Ó yíjú sí mi. “Akọ̀wé, ṣé ùwọ lo sọ ọ́? Kì í ṣe pé wọ́n rán ọ?”

Mo ní, “Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ yẹn, orí sì wọ́ pátápátá. Bàbá àgbà gba ìwé mi yẹ̀ wò, ó gbọn orí, ó ní, “Ìyàwó wa, mi ò pè ọ́ ní nǹkan kan o. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ rí uṣẹ́ rẹ̀ ṣe parí. Lọ kí àwọn ará ulé rẹ ní Ìpáò fún ugbà díẹ̀.” Ohun tí ojo máa ń sọ nìyẹn, pé òun kò pe ẹnì kan ní nǹkan kan. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tí wọn kò pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbá ilé ìdáná, ó da ojú odó rẹ̀ dé sílẹ̀ torí pé ọ̀kadà kò lè gbé e, ó di ọmọ odó mọ́ ara báàgì rẹ̀, ó gun ọ̀kadà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi gbé nínú ilé yẹn. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mi ò jáde kí i pé ó dàbọ̀. Ó ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú ìkòkò fún mi, ó dé e. Mo gbé ìkòkò náà lọ sẹ́yìnkùlé, mo da ọbẹ̀ náà nù.

Kọ̀ǹpútà kò kú mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń wo aago. Aago kan kọjá, aago mẹ́fà kọjá, ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo ń jẹ gààrí àti búrẹ́dì, mo ń ya ilé. Inú mi dùn débi pé mo gbé ìwé aláwọ̀ ewé lọ fi han Bàbá àgbà lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ìwé funfun báláú, kò sí ikú kankan níbẹ̀. Ó ní, “O ò rí i bí?” Mo parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé e dé Adó, ọ̀gá náà wò ó, ó gbà mí.

Ìyá mi gbọ́, ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe mí lóore. Ó tó ogún ọdún tó ti wọ inú ilé náà gbẹ̀yìn. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú iṣu àti ẹran ìgbẹ́, ó yá ọmọ odó lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ó ṣí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e sójú ibi tó máa ń wà. Mo jókòó nínú yàrá, mo ṣí àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi sílẹ̀ kó lè wá wò ó tó bá ṣetán. Mo gbọ́ tí ọmọ odó bọ́ sódó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Ó jí. Ìyá mi ṣì ń gún un. Ó tún kú.

Mo ní, “Mọ̀mí, ẹ dúró!” Ó dúró. Kọ̀ǹpútà jí, ó dúró ṣinṣin. Mo ní, “Ẹ máa gún un.” Ó gún un, ó kú. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyá mi ń pariwo pé iyán òun ń di kókó, kí ló ń ṣe mí. Mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ yàrá nígbà tó ń gún un, mo sì gbọ́ bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń gbọ̀n láti ilé ìdáná wá sábẹ́ àpótí. Ìkọ̀lé la wà o. Ní aago kan ọ̀sán, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ló ń gúnyán pọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ta ló tún máa ń gbọ́ ìró odó? Mo kọ aago oúnjẹ ara mi sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìyàwó bàbá mi bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì ló máa ń sè.

Mo pa á, mo tú gbogbo síkúrù rẹ̀, mo gbé bọ́ọ̀dù sókè. Ẹsẹ̀ idẹ kan wà ní ìdí àpótí tó yẹ kí n ti yọ, ti bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni, bọ́ọ̀dù tuntun kò ní ihò níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Bí ilẹ̀ bá gbọ̀n, á kàn án, iná á gba ibi tí kò yẹ kó gbà, kọ̀ǹpútà á kú. Ó ti ha àmì wínníwínní sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Kò ju orí ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Mo fi ọwọ́ yí i, ó bọ́ wẹ́rẹ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ dè, mo tan án, mo ní kí ìyá mi gún odó lásán. Ó gún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mira.

Mo sọ fún un. Ìyá mi fi ọmọ odó ti ògiri, ó jókòó. Mo rò pé àánú á ṣe é. Ó ní, “Ó ti lọ ná. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀?” Inú bí mi sí i débi pé mi ò jẹ iyán náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó ṣe wí, fún oṣù márùn-ún. Mo ní iṣẹ́ ń dí mi lọ́wọ́ ní Adó. Mo ní òjò ń rọ̀, ọ̀nà Ìpáò kò dára. Ẹsẹ̀ idẹ náà wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo sì ń gbé e láti ṣòkòtò dé ṣòkòtò bí ẹni pé oògùn ni.

Nígbà tó yá, mo lọ bá Bàbá àgbà. Mo ní kó pe àwọn àgbà méjì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo gbé ẹsẹ̀ idẹ sórí tábìlì, mo sọ bó ṣe rí, mo ní èmi ni mo parọ́ mọ́ obìnrin yẹn. Àgbà kan ní kékeré yìí ló ń pa kọ̀ǹpútà ńlá? Èkejì ní kò burú, ṣùgbọ́n ta ló fi í síbẹ̀? Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ jẹ́ ká mu nǹkan. Ẹyin lọ̀rọ̀. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀ ní pálọ̀ yẹn kan náà, mo wá ń ṣa èèpo rẹ̀, kò sí ẹni tó bá mi ṣà á.

Mo dé Ìpáò lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó wà níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ibẹ̀, èyí tí mo sọ ní pálọ̀ Bàbá àgbà àti èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọbẹ̀ tí mo dà nù. Mo nawọ́ ẹsẹ̀ idẹ náà sí i. Ó gbà á, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ láàárín ẹ̀gúsí, ó wò ó pẹ́.

“Èyí ni?”

Mo ní, “Òun ni, mà.”

“Àti uyán.”

“Àti iyán, mà. Iyán tí ẹ̀ ń gún fún mi.”

Ó dá a padà fún mi. Ó ní òun ti dárí jì mí, òun kò sì ní fi mí bú, torí bàbá mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká jọ padà sí Ìkọ̀lé. Ó ní rárá. Ó ní, “Bí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, tí ọmọ ẹnì kan ṣàìsàn, ojú mi ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Mi ò lọ sí ulé yẹn mọ́.” Kò pariwo. Ó dìde, ó gbé igbá ẹ̀gúsí wọlé, ó ní kí n má lọ, pé àlejò kì í fi ebi kúrò nílé àwọn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ń gbọ́ ọmọ odó tí mo mọ̀ nínú odó tí n kò mọ̀, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé etí mi ti là.

Nígbà tó ṣetán, ó pè mí láti inú ilé ìdáná. Kò pe Akọ̀wé. Orúkọ mi ló pè, èyí tí bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, tí ẹnu rẹ̀ kò kàn rí láti ìgbà tó ti wọlé bàbá mi. Ó pè é dáadáa, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe máa ń pe ọmọ ẹlòmíràn tó yà sílé ẹni. Ó ní kí n wá gba oúnjẹ. Ó ti bọ́ àṣà ìyàwó ilé sílẹ̀, torí pé kì í ṣe ìyàwó ilé wa mọ́. Mo jẹ iyán náà tán, mo dúpẹ́, ó ní kò tọ́pẹ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ mi, kò sí ohun tí ọwọ́ mi tò nínú kọ̀ǹpútà tí mo ń lò. Ẹsẹ̀ idẹ yẹn wà nínú ife tí mo ń kó bírò sí, bí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá bi mí pé kí ni, mo máa ń sọ pé síkúrù ni. Ilé bàbá mi ní Ìkọ̀lé wà ní títì. Odó ṣì wà níbẹ̀, àlàǹtakùn ti ta sí i. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Tèmi kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń jó mi.

Mo máa ń lọ sí Ìpáò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ó ń darúgbó, ó ń gúnyán síbẹ̀, ó máa ń béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ mi. Bí mo bá dé, mo máa ń dúró díẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kí n tó kàn án, mo máa ń rò pé bóyá lónìí ẹnu rẹ̀ á ṣèèṣì pe Akọ̀wé. Mo máa ń kàn án, á bi mí pé ta nìyẹn, mo máa ń dáhùn pé èmi ni. Á sì pe orúkọ mi, á ní kí n wọlé.